Àgùntàn Mọ́kànlélógún

Aago márùn-ún ìdájí, yìnyín ṣì wà lórí ìjókòó alùpùpù.
Lebusa fi ìbọ̀wọ́ nù ún, ó ní òtútù Lẹ̀sótò
kì í bèèrè orúkọ kó tó wọ eegun.
Àwa mẹ́ta la dìde: Lebusa tí í ta bulọ́ọ̀kù ní Mafeteng,
Khauhelo, olùkọ́ ìṣirò, tí ọwọ́ rẹ̀ le ju tiwa lọ,
àti èmi, tí mo yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù
ra táyà ẹ̀yìn.

Wọ́n ju àsíá, ó di eré.
Igba ẹ́ńjìnnì bú lẹ́ẹ̀kan náà
bí ilé agbọ́n tí ẹnìkan fẹsẹ̀ gbá.
Òkè kìn-ín-ní, a gùn ún.
Òkè kejì, òun ló gùn wá.
Òkè kẹta kàn ṣáà gùn ni, ó gùn, ó gùn, kò lópin.

Òkúta dúdú tó ń yọ̀, òkúta gbágungbàgun,
òkúta tí ń mì lábẹ́ táyà bí eyín arúgbó.
Mo ṣubú. Mo dìde.
Mo tún ṣubú síbi tí mo ti dìde.
Ọwọ́ mi ò mọ kílọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí bíréèkì mọ́,
àyà mi ń lù kì-kì-kì lábẹ́ ìgbàyà oníke.
Àwọn ará òkèèrè tí alùpùpù wọn ń dán
kọjá lára mi fìì,
wọn ò tilẹ̀ ta ẹrẹ̀ sí mi lára tán kí wọ́n tó pòórá.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Khauhelo láti inú kòtò.
Kò ké o. Ìṣirò ló ń ṣe:
"Kìlómítà mẹ́sàn-án, ìṣẹ́jú méjìdínlógún.
Ẹ máa lọ. Ẹ ṣì lè bá ẹnubodè ní ṣíṣí."
Lebusa wo ojú ọ̀nà, ó wò mí,
ó pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.
N ò ní purọ́: èmi ò tètè pa tèmi.
Mo rántí owó táyà. Mo rántí fọ́tò tí mo ti ṣèlérí fún màmá mi.
Mo jẹ́ kó ké díẹ̀ sí i,
bí ẹní ń gbé itọ́ líle mì,
kí n tó tẹ bọ́tìnì.

Bẹ́líìtì mẹ́ta, okùn kan, èébú mọ́kàndínlógún
(Khauhelo ló kà wọ́n),
a wọ́ irin náà jáde bí ẹní wọ́ màlúù kúrò nínú irà.
Nígbà tí a dé ẹnubodè, ó ti di pápá lásán.
Wọ́n ti ká àsíá, wọ́n ti ká tábìlì,
ó ku darandaran kékeré kan nínú kúbùsù,
bàtà rọ́bà dé orúnkún, ó ń fi ọ̀pá wa ilẹ̀.
"Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ó ti parí."
Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹní ń túfọ̀.
Ó wá wo alùpùpù Lebusa, ó wo Lebusa:
"Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe ń ké?"

Lebusa, ta ló rán ọ níṣẹ́?
Ó fún un ní gbogbo rẹ̀.
Òkè kan gbà á, òkè kejì dá a padà,
àgùntàn mọ́kànlélógún fò sókè,
wọ́n gba ọ̀nà mọ́kànlélógún.

Ibẹ̀ ni eré ìje wa ti wá bẹ̀rẹ̀.
Ilẹ̀ ń ṣú, iná iwájú mẹ́ta ń jó lórí koríko,
Khauhelo létí odò, Lebusa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta,
ọmọ náà lẹ́yìn mi, kúbùsù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́,
ó ń pariwo sí mi létí: "Òsì! Òsì!
Olóríkunkun nìyẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó lọ!"
Mo gun ibi tí n ò lè gùn láàárọ̀.
N ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo gùn ún.

Ogún la rí kó.
Ọ̀kan ṣì wà lókè, à ń gbọ́ ọ nínú òkùnkùn,
Khauhelo sì ti ń da bẹntiróò tó kù
sínú táǹkì kan ṣoṣo.